Ilẹ̀ onígun mẹ́ta tí àbàtà dí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀: báwo la ṣe ń mọ gígùn ibi tí tépù kò lè gbà?

Arábìnrin Gáà-Àkànbí

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ẹni wa. Ilẹ̀ kan wà lápá odò Àsà níbí ní Ìlọrin tá a fẹ́ rà. Igun mẹ́ta ló ní. Ẹni tó ń tà á ní plọ́ọ̀tì méjì ni, ìyẹn 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà méjì. Lójú tèmi, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn igun rẹ̀ ní A, B àti C. A àti B wà létí títì. A sí B jẹ́ mítà 48.60. A sí C jẹ́ mítà 37.20, ilẹ̀ sì rọra dagun lápá ibẹ̀. B sí C ni wàhálà wà: àbàtà àti igbó ọparun ló kún ibẹ̀, tépù kò ṣe é nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá na ọ̀pá gígùn sókè ní C, mo lè rí i láti B. Mo fi kọ́ńpáàsì orí fóònù wo bí igun A ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́ẹ̀kíní ó fún mi ní 64°, lẹ́ẹ̀kejì ó fún mi ní 71°.

Mo rántí SOH CAH TOA láti ilé ìwé, ìyẹn ìlànà sin, cos àti tan fún onígun mẹ́ta tó ní igun 90°, àmọ́ kò sí igun 90° kankan nínú ilẹ̀ yìí. Báwo ni mo ṣe máa rí BC, kí n sì mọ̀ bóyá plọ́ọ̀tì méjì ni lóòótọ́?

Awọnlẹ̀ Tánkẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́ńpáàsì fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Irin ló máa ń dà á láàmú: mọ́tò tó dúró létí títì, ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún fẹ́ǹsì, títí kan páànù ilé aládùúgbò. Ẹ wo ohun tí iye méjì tẹ́ ẹ rí yẹn ń fà. Tí A bá jẹ́ 64°, BC á jẹ́ mítà 46.48. Tó bá jẹ́ 71°, BC á jẹ́ mítà 50.68. Ó lé ní mítà mẹ́rin lórí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo! Lórí ilẹ̀ yìí, bí igun A bá fi dígírì kan péré yẹ̀, BC á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 yẹ̀.

Tépù nìkan tó láti wọn igun. Ẹ dúró ní A, ẹ na okùn lọ sí B kó le dáadáa, kẹ́ ẹ wá kan èèkàn kan mọ́ ojú okùn náà ní mítà 10 géérégé. Ẹ pe èèkàn yẹn ní P. Ẹ na okùn kejì láti A lọ sí C, kẹ́ ẹ kan èèkàn Q mọ́ ojú tiẹ̀ náà ní mítà 10. Ẹ wá wọn P sí Q. Àbàtà kò dé ibẹ̀, nítorí ẹ̀bá A lẹ ṣì wà.

Iye tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi 20 pín in. Ohun tó bá jáde ni sin ìdajì igun A. Ìdí ni pé AP àti AQ gùn bákan náà. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà láti A sí àárín PQ, á gé onígun mẹ́ta kékeré yẹn sí méjì ọgbọọgba, ìkọ̀ọ̀kan á sì ní igun 90°. Ibẹ̀ gan-an ni SOH yín ti bọ́ sí i: ìdajì PQ ló kọjú sí igun náà, mítà 10 sì ni ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò méjì péré ló kù:

BC² = AB² + AC² − 2 × AB × AC × cos A
Fífẹ̀ ilẹ̀ (area) = ½ × AB × AC × sin A

Ẹ má tìtorí pé mítà 10 jìnnà kẹ́ ẹ fi mítà 1 ṣe é o. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ṣi PQ wọ̀n nígbà tí èèkàn wà ní mítà 10, BC á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 yẹ̀. Tí èèkàn bá wà ní mítà 1, àṣìṣe kékeré yẹn kan náà á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lórí BC.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun lórí kakulétọ̀, ẹ tẹ sin 30. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 0.5. Tó bá fún yín ní −0.988, orí RAD (radian, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń ka igun) ló wà. Tó bá jẹ́ 0.454, orí GRAD (èyí tó pín igun 90° sí 100) ló wà. Ẹ dá a padà sí DEG, ìyẹn dígírì. Ẹni tó bá ń fi Excel ṣe é, RAD ni Excel máa ń lò ní tiẹ̀, nítorí náà SIN(RADIANS(30)) lẹ máa kọ.

Káfíńtà Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ awọnlẹ̀ ti dé góńgó, tépù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ yẹ orí tépù yín wò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti ẹnu òrùka irin ni odo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn míì, ara tépù fúnra rẹ̀ ni wọ́n fa ìlà odo sí, òrùka kò sí nínú kíkà. Tí orí tépù bá sì ti já, tẹ́ ẹ wá ń bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1, ẹ rí i pé ẹni tó ń kọ iye sílẹ̀ mọ̀, kó yọ 1 kúrò.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ torí pé ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà. Tépù tó wọ́ sílẹ̀ láàárín, tépù tó gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá, tépù tí wọ́n tẹ́ mọ́ orí ilẹ̀ tó dagun, gbogbo wọn ló ń mú kí iye tẹ́ ẹ kà pọ̀ ju bí ilẹ̀ ṣe gùn lọ. Ẹni tó ń tà ni gbogbo wọn ń ṣe lóore. Tépù tó ti fà nìkan ló ń mú kí iye kéré, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí tépù aláṣọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí tépù irin, òun ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹnì kan fà á le ní ìkángun kọ̀ọ̀kan.

Arábìnrin Gáà-Àkànbí

Ẹ ṣeun gan-an. A ti padà lọ. Tépù irin la lò, a sì wọn PQ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 11.18, 11.18, 11.19. Mo mú 11.18. AB àti AC kò yí padà.

Olùkọ́ Òmù-Àrán

Ẹ kú ìsapá mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní gbangba kí àwọn tó ń kà á lè rí bó ṣe ń lọ.

11.18 ÷ 20 = 0.559. Kakulétọ̀ ní sin⁻¹ 0.559, ìyẹn igun tí sin rẹ̀ jẹ́ 0.559, jẹ́ 33.99°. Ìdajì igun nìyẹn, torí náà A jẹ́ 67.97°. Ẹ má gé e kúrú sí 68 báyìí. Ẹ jẹ́ kó wà nínú kakulétọ̀ títí dé òpin.

cos A = 0.3750, sin A = 0.9270.

48.60 × 48.60 = 2361.96
37.20 × 37.20 = 1383.84
Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3745.80
2 × 48.60 × 37.20 × cos A = 1356.08
3745.80 − 1356.08 = 2389.72, rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 48.88.

BC jẹ́ mítà 48.88. Fífẹ̀ ilẹ̀ jẹ́ ½ × 48.60 × 37.20 × 0.9270, ìyẹn 838 m².

Plọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 15.24 sí mítà 30.48, ìyẹn 464.5 m². Méjì rẹ̀ jẹ́ 929 m². Ilẹ̀ yín fi 91 m² dín sí ohun tí wọ́n pè é. Plọ́ọ̀tì kan àti mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìkejì ni.

Ẹni tí fọ́múlà yẹn bá ń dẹ́rù bà, ẹ jẹ́ ká gbé e gba ọ̀nà SOH CAH TOA tó ti mọ̀. Ẹ fojú inú wo okùn kan tó ti C wá, tó sì bá AB pàdé ní igun 90°. Ibi tó ti bá a pàdé ni ká pè ní D. AD jẹ́ 37.20 × cos A, ìyẹn mítà 13.95. CD jẹ́ 37.20 × sin A, ìyẹn mítà 34.48. Ohun tó kù lórí AB láti D dé B jẹ́ 48.60 − 13.95, ìyẹn mítà 34.65. Báyìí, onígun mẹ́ta CDB ti ní igun 90°, BC á sì jẹ́ rúùtù 34.48² + 34.65². Ẹ ṣe é, 48.88 kan náà ló máa jáde. Ibi tí fọ́múlà gígùn yẹn ti wá kò ju ibẹ̀ lọ.

D yìí wúlò lórí ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rin mítà 13.95 láti A lójú ìlà AB, kẹ́ ẹ kan èèkàn. Ẹ fi okùn 6, 8 àti 10 mú igun 90° níbẹ̀: mítà 6 lójú ìlà AB, mítà 8 sí apá C, kí àárín ìkángun méjèèjì jẹ́ mítà 10 géérégé. Tẹ́ ẹ bá fojú tọ ìlà mítà 8 yẹn lọ, C ló yẹ kẹ́ ẹ rí lọ́ọ̀ọ́kán. Tí kò bá bọ́ sí C, iye kan ti yẹ̀ níbì kan.

Ọmọ Poly

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Lẹ́yìn tá a ti rí BC, ṣé kò rọrùn kí n fi sine rule (ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ÷ sin igun tó kọjú sí i jẹ́ iye kan náà) wá igun B àti C? Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí onígun mẹ́ta míì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 30, 22 àti 44, àwọn igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pé 180°.

Olùkọ́ Òmù-Àrán

O ṣeun tó o béèrè, ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú síbẹ̀. Igun tó kọjú sí 44 ló bà á jẹ́. cos rẹ̀ jẹ́ (30² + 22² − 44²) ÷ (2 × 30 × 22), ìyẹn −0.418, igun náà sì jẹ́ 114.7°. Àmọ́ sin 114.7° àti sin 65.3° jẹ́ iye kan náà, 0.908. Tó o bá tẹ sin⁻¹ 0.908, kakulétọ̀ kì í mú èyí tó ju 90° lọ wá. 65.3° ló máa fún ẹ, kò sì ní sọ fún ẹ pé igun míì wà. Cos kò níṣòro yìí, torí pé àmì − tó wà níwájú iye ti fi hàn pé igun náà ti kọjá 90°.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ni kó o fi cos wá igun tiẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjì tó kù kò lè ju 90° lọ mọ́, o sì lè wá fi sin ṣe wọ́n láìbẹ̀rù.

Lórí ilẹ̀ arábìnrin, B jẹ́ 44.86°, C sì jẹ́ 67.16°. Fi wọ́n kún 67.97, á fún ẹ ní 179.99. Ìdá tó ṣẹ́kù yẹn jẹ́ nítorí pé a gé iye kúrú.

Awọnlẹ̀ Tánkẹ̀

Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún yín níbí. Bí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pé 180° yẹn kò fi hàn pé ẹ wọn ilẹ̀ dáadáa. Ara iye kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Tí PQ bá ti yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣì pé 180. Ẹ̀rí tòótọ́ ni ohun tẹ́ ẹ lọ wọ̀n lọ́tọ̀.

Ẹ ní ẹ lè rí ọ̀pá C láti B. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí B, ẹ kan èèkàn ní mítà 10 lójú ìlà BA, kẹ́ ẹ kan òmíràn ní mítà 10 níbi tó dojú kọ ọ̀pá C. Tí àbàtà kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àárín èèkàn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20 × sin ìdajì igun B, ìyẹn mítà 7.63. Tó bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀, kò burú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà lọ wọn PQ.

Ọ̀rọ̀ dídagun wá kù. Fífẹ̀ ilẹ̀ nínú ìwé sọ́fè, bí ẹni pé ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, bó ti wù kó dagun tó. Ẹ mú rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ìpele, kẹ́ ẹ fi mọ bí C ṣe fi wálẹ̀ ju A tó. Ẹ wá ṣe rúùtù (37.20² − iye yẹn²). Tó bá jẹ́ mítà 1.80 ló fi wálẹ̀, 37.20 á di 37.16, sẹ̀ǹtímítà 4 péré ló lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ mítà 3.90, ó ti di 37.00 nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 20 ti lọ.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé sọ́fè, ẹ gbà á wò. Lára ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ gígùn rẹ̀ àti bíárì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìlà náà kọjú sí, tá a kà láti àríwá. Ká ní wọ́n kọ 112°15′ sí AB, wọ́n sì kọ 224°17′ sí ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ rántí pé bí wọ́n ṣe rìn yí ilẹ̀ ká ni wọ́n kọ ọ́, torí náà ìlà tó kẹ́yìn ń bọ̀ láti C wá sí A ni. Ẹ kọ́kọ́ yí i padà: 224°17′ − 180° = 44°17′. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò: 112°15′ − 44°17′ = 67°58′. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti yí i padà, 112°02′ lẹ máa rí, ẹ ó sì máa bá ara yín jiyàn lásán.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ jù: 67°58′ kì í ṣe 67.58. Mínììtì 60 ló wà nínú dígírì kan. 58 ÷ 60 = 0.97, igun náà sì jẹ́ 67.97°. Ẹni tó bá tẹ 67.58 ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 gé BC kúrú.

Gbogbo èyí á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ san owó lé lórí. Bíkọ̀nì (òpó àmì ààlà ilẹ̀) rírì àti ìwé tí ìjọba máa gbà, iṣẹ́ awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ SURCON, ìgbìmọ̀ àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà, nìyẹn.

Arábìnrin Gáà-Àkànbí

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ní B, mítà 7.65 la rí. Rọ́bà omi sì fi hàn pé mítà 1.80 géérégé ni C fi wálẹ̀ ju A, bí ẹni pé ẹ ti débẹ̀ rí. Mo fi 37.16 ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ náà di 837 m². Iye owó m² kan la ó jókòó sọ báyìí, a ò ní sọ ti plọ́ọ̀tì mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan. Igi araba ńlá kan wà nínú àbàtà yẹn. A fẹ́ mọ bó ṣe ga tó kí ilé tá a máa kọ́ má bàa wà níbi tó lè wó bá. A kò lè dé ìdí rẹ̀.

Káfíńtà Ọ̀fà

Ibi méjì lẹ máa ti wò ó, kí méjèèjì àti igi náà wà lójú ìlà kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ mú protractor ọmọ iléèwé, ẹ so okùn mọ́ àárín rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wúwo kan ní ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ ìfami-ọtí tẹ́ẹ́rẹ́ (straw) mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gún. Ẹ gba inú rẹ̀ wo ṣóńṣó igi náà, kí ẹlòmíì ka ibi tí okùn bọ́ sí. Tí okùn bá wà lórí 55, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, 35° ni igun yín. Ẹni tó bá gbàgbé yíyọ yìí fún igun méjèèjì, iye tó ní àmì − níwájú ló máa rí fún gíga.

Ká ní níbi tó sún mọ́ igi, ẹ rí 35°. Ẹ fà sẹ́yìn ní mítà 20, ẹ rí 24°. Gíga = 20 ÷ (1/tan 24 − 1/tan 35). 1/tan 24 jẹ́ 2.246, 1/tan 35 jẹ́ 1.428, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.818. 20 ÷ 0.818 jẹ́ 24.45. Láti ojú yín sókè nìyẹn, ẹ fi gíga ojú kún un. Tójú yín bá ga ní mítà 1.55, igi náà jẹ́ mítà 26. Ẹ tún fi 1.428 ṣe ìsodipúpọ̀ 24.45, ó máa sọ fún yín pé mítà 34.9 ló wà láàárín ìdí igi àti ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúró sí.

Ọ̀nà yìí kò fojú rere wo àṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá ka 34° dípò 35°, gíga á fò sókè ní mítà 1.74. Torí náà, ẹ má fà sẹ́yìn ní mítà márùn-ún kẹ́ ẹ sọ pé ó tó, bí àyè bá ṣe wà sí ni kẹ́ ẹ ṣe jìnnà. Àárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn kò tíì máa mi nọ́ọ̀tì ló dáa jù. Ẹ ka igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ó kéré tán mítà mẹ́ta kún iye tẹ́ ẹ bá rí kẹ́ ẹ tó fa ìlà ilé.